Google Drive nìkan kò tó fún ìwé owó ṣọ́ọ̀bù

Ẹ̀yin oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ kú òwò o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Google Drive (ibi ìpamọ́ fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tó ń bá kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ṣiṣẹ́ pọ̀ ṣe bákọ́ọ̀pù, ìyẹn ẹ̀dà fáìlì tí a tọ́jú sí ibòmíràn. Fáìlì tí ẹ bá pa rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, á pa rẹ́ lórí Drive náà. Ọjọ́ 30 péré ló máa lò nínú Trash (ibi tí fáìlì tí a pa rẹ́ ń lọ), ó di àwátì nìyẹn. Bí fáírọ́ọ̀sì bá sì ba ìwé yín jẹ́, èyí tó bàjẹ́ yẹn náà ló máa gbé lọ.

Ẹ gba bákọ́ọ̀pù tí ilé-iṣẹ́ kan ń bójú tó, kí ẹ sì bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́. Kó má dín ní 90, torí gbèsè oníbàárà tí ẹnìkan ṣèèṣì pa rẹ́ lè má hàn síni fún oṣù méjì. Pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ kò gbọdọ̀ jọ ti ímeèlì yín.

Gbígbé fáìlì lọ sínú bákọ́ọ̀pù nígbà àkọ́kọ́ máa ń pẹ́: 100 GB lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fi 5 Mbps gbé nǹkan jáde á gbà tó wákàtí 44. Ìwé owó ni kó kọ́kọ́ lọ. Fọ́tò ọjà lè dúró. Ẹ ti ètò ìṣirò owó pa kó tó bẹ̀rẹ̀, torí fáìlì tó ṣí sílẹ̀ lè dé ibẹ̀ láàbọ̀.

Lóṣooṣù, ẹ dá fáìlì kan padà láti inú bákọ́ọ̀pù sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ ṣí i, kí ẹ wo iye owó tó wà ní ìlà tó kẹ́yìn.