Bí mo ṣe kọ ẹ̀rí àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Gáńà ní 1969

Àwọn agbẹjọ́rò tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn àtìpó ló ní kí n bá àwọn kọ àkọsílẹ̀ kúkúrú lórí lílé àjèjì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Iṣẹ́ tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì náà nìyẹn, àmọ́ agbẹjọ́rò kì í fẹ́ àlàyé rẹpẹtẹ.

Apá tó wà nínú ìwé yá. Ní 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gáńà nígbà náà, pàṣẹ pé àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kó ẹrù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Yorùbá oníṣòwò ló bá a lọ.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó padà wálé niṣẹ́ wà. Mo gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Bí o bá bi àgbàlagbà pé ṣé wọ́n jìyà, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run" ni wàá gbọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ohun tí èmi máa ń bèèrè ni pé, "Màmá, ta ló jẹ yín lówó nígbà tí ẹ ń bọ̀?" Màmá kan tó ta aṣọ ní Kùmásí tún gèlè wé, ó wá ń fi ìka ka àwọn ajigbèsè rẹ̀: ìyàwó tíṣà, télọ̀, oníbúrẹ́dì. "Àwìn ni mo tà fún wọn. Kérésì ni wọ́n dá fún mi. Ìjọba ò dúró de Kérésì."

Gbólóhùn yẹn ni mo so mọ́ òfin. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 1990 lórí ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àtìpó, ní abala 22, ní ẹ ò gbọdọ̀ lé èèyàn lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àti pé ẹni tí ẹ ń lé gbọ́dọ̀ ráyè gba owó tó tọ́ sí i. Ìwé Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Áfíríkà ti 1981 náà ka lílé lọ́wọ̀ọ̀wọ́ léèwọ̀, ní abala 12. Méjèèjì ò tíì sí ní 1969, mo sì kọ ìyẹn síbẹ̀ gbangba kí ẹnikẹ́ni má baà fi já wa nírọ́.

Kí n tó fi ránṣẹ́, mo ka ọ̀rọ̀ Màmá sí wọn létí. Wọ́n ní kí n yọ télọ̀ kúrò, ó padà fi owó rán awakọ̀ kan sí wọn. Mo yọ ọ́.

Ìjà tó kù ni ti 1983, nígbà tí ìjọba Ṣàgàrí náà fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí ará Gáńà sì pọ̀ jù nínú wọn. Agbẹjọ́rò kan ní ká fò ó. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ta ni yóò gbà wá gbọ́ bí a bá tú àṣírí aládùúgbò, tí a bo tiwa? Ìpínrọ̀ kejì ló wà báyìí.