Bí mo ṣe ṣírò iye káàdì Mickey Mantle ti 1952 tó ṣì wà láyé

Káàdì bésíbọ́ọ̀lù ti Mickey Mantle, agbábọ́ọ̀lù ará Amẹ́ríkà, tí ilé-iṣẹ́ Topps tẹ̀ ní 1952 ni mo mú láti ṣírò. Ti Honus Wagner, agbábọ́ọ̀lù tó ṣáájú rẹ̀, tó jáde nínú páálí sìgá láàárín 1909 sí 1911, kò gba ìṣirò: bíi 60 ni gbogbo èyí tí wọ́n mọ̀, bí ọ̀kan bá sì ti yọjú, àwọn alákàádì á ti mọ ọwọ́ ẹni tó ti wá. Mantle ló ń dani láàmú. Sy Berger ti Topps fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ní 1960 àwọn kó èyí tí kò tà nínú káàdì 1952 lọ dà sínú òkun Àtìláńtíìkì. Ẹ ò rí i pé iye tí wọ́n tẹ̀ kò lè ràn wá lọ́wọ́.

Àkọsílẹ̀ PSA ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àwọn ló ń fún káàdì ní máàkì, 1 sí 10, tí wọ́n á sì dé e mọ́nú ike. Mantle tó wà lákọsílẹ̀ wọn ti lé ní 1,500. Àmọ́ ike ni wọ́n ń kà, wọn ò ka káàdì. Ẹni tó gba 7, tó lérò pé 8 ló tọ́ sóun, á fọ́ ike, á tún fi ránṣẹ́, káàdì kan á sì di méjì lákọsílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan wà tí PSA ò ní lọ́wọ́: èyí tó pa 12.6 mílíọ̀nù dọ́là ní 2022, inú ike SGC, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ PSA, ló wà.

Mo wá yá ọgbọ́n àwọn tó ń ka ẹja inú odò: wọ́n á mú díẹ̀, wọ́n á sàmì sí i, wọ́n á dá a padà, wọ́n á tún dẹ àwọ̀n. Ká ní ẹ rí káàdì 100 ní gbàǹjo ọdún kan, ẹ rí 50 lọ́dún kejì, tí 5 nínú 50 náà sì jẹ́ èyí tí ẹ ti rí rí. Ìdá kan nínú mẹ́wàá nìyẹn. A jẹ́ pé 1,000 ló wà.

Káàdì ò nílò àmì, ojú kálukú ti yàtọ̀. Ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ máa ń wò nínú fọ́tò ilé gbàǹjo, torí Mantle wà lẹ́ẹ̀mejì lórí ìwé ńlá tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́: òwú tó rán bọ́ọ̀lù kékeré tó gbé nọ́ńbà 311 kọjú sọ́tùn-ún lára àwọn kan, ó kọjú sósì lára àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà, etí funfun: ẹ̀gbẹ́ wo ló fẹ̀ jù? Lẹ́yìn náà, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹni tó ni ín pààrọ̀ ike lẹ́ẹ̀mẹwàá, igun tó ti kú ò ní tún mú mọ́.

Àwọn tó dára, láti máàkì 5 sókè, ń pààrọ̀ ọwọ́ ṣáá, ojú kan náà ni mò ń rí. Àwọn tó ti ká kò, tí wọ́n ti fi píìnì gún, kì í sábà padà wá, bí wọ́n bá tilẹ̀ dé gbàǹjo rárá. Bí mo bá pa wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn tó dára, iye náà á kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ṣírò wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Láàárín 2,000 sí 3,000 ni mo fi í sí. Ẹ̀gbẹ́ 3,000 lọkàn mi fà sí, torí àwọn hẹ́gẹhẹ̀gẹ tí kò tíì wọ ike kankan.