Bí Ojú Bá Ń Ta Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Lésà: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Abẹ́òkúta

Ẹ ti fi lésà, ìtànṣán iná tó ń gé nǹkan, tún ojú ṣe, ẹ ti bọ́ awò ojú sílẹ̀. Ojú wá ń ta, ó ń yún, ó dà bíi pé iyanrìn wà níbẹ̀. Ẹ má jáyà.

Awọ kan wà níwájú ẹyinjú tó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Òun ni lésà ń fá. Inú awọ yìí náà ni àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń jẹ́ kí ojú mọ̀ pé òun ti gbẹ wà. Oríṣi iṣẹ́ lésà méjì ni LASIK àti PRK. Bí ó bá jẹ́ LASIK ni wọ́n ṣe, wọ́n á gé awọ náà ṣí bí ọmọrí, àwọn iṣan á gé mọ́ ọn, omijé á sì dín kù títí wọn yóò fi hù padà. Ó lè gba oṣù 3 sí 6. Ti ẹlòmíràn ń tó ọdún 1. Bí ó bá jẹ́ PRK, òkè awọ ni wọ́n bó. Ìrora tirẹ̀ máa ń le ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, dókítà á sì fi lẹ́ńsì rírọ̀ bò ó fún bí ọjọ́ 4 sí 7. Ẹ má fọwọ́ ara yín yọ ọ́.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ni kí a fọwọ́ ra ojú. Ẹ wo ìyá tó ń yan gààrí l'Ọ̀dẹ̀dá: èéfín ta á lójú, kó tó mọ̀, ọwọ́ tó fi ń ro ẹ̀gẹ́ nínú agbada ti dé ojú. Ọmọrí awọ yẹn lè yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó ti agbada fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Aláró Ìtòkú náà, ẹ jìnnà sí ìkòkò tí kọ́sítìkì sódà wà nínú rẹ̀. Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ nínú odò Ògùn fún oṣù 1. Ẹ fi ìbòjú tí wọ́n fún yín sùn, ẹ má sì jẹ́ kí fáànù kọjú sí yín. Bí ẹ bá ń wo fóònù, ẹ máa ṣẹ́jú.

Bí ó bá jẹ́ èmi, mi ò ní ṣe é nígbà ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ àti eruku pọ̀ jù.

Omijé àtọwọ́dá, ìyẹn oògùn ojú tó dà bí omijé, tí kò ní kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa oògùn mọ́ kó má bàjẹ́, ló dára jù. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ gbójú sókè, ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ díẹ̀, ẹ kán ẹ̀kán kan, ẹ dijú, kí ẹ rọra fi ìka tẹ kọ̀rọ̀ ojú lẹ́bàá imú. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó kán oògùn mìíràn. Oògùn tó ní steroid (èyí tó ń dín ojú wíwú àti pípọ́n kù), iye ọjọ́ tí dókítà sọ ni kí ẹ lò ó, nítorí ó lè gbé ìfúnpá inú ojú sókè. Oògùn kíkán tó ń mú kí ojú kú tipiri, kó má mọ ìrora, kì í ṣe oògùn ilé rárá.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú àwọn àgbà gbé omi ìgbín, omi ọmú tàbí ìtọ̀ wá. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ má kán an. Kòkòrò tó bá bá a wọlé lè fọ́ ojú.

Bí ìrora bá ń le sí i, tí ìríran ń dín, tí ojú ń pọ́n kankan, tí ọyún ń jáde, tàbí tí nǹkan gbá a, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ, tàbí FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, ní Ìdí-Aba. Ẹ kó gbogbo ìgò oògùn dání.