Bí A Ṣe Ń Yan Ìbọn Ràífù àti Ọta fún Ọdẹ Coyote

Láàárín ọdún kan péré, ènìyàn mẹ́ta ní àdúgbò wa ní Èbúté-Mẹ́ta ni ó ti wá bá mi kí wọ́n tó wọ bàálù lọ sí Texas, nítorí wọ́n gbọ́ pé mo ti bá àbúrò mi tó ń gbé níbẹ̀ dẹ̀gbẹ́ coyote ní ìgbà òtútù méjì, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn sì bi mí: ìbọn wo ló tóbi tó? N kò dá wọn lẹ́bi. Ọmọ Èkó kì í sábàá rí ìbọn àfi èyí tó wà léjìká ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà báńkì, ẹni tí bàbá rẹ̀ àgbà bá sì jẹ́ ọdẹ lápá Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú, ṣakabùlà tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu ni ó mọ̀. Ṣùgbọ́n coyote kì í ṣe ẹran ńlá, títóbi ìbọn kọ́ sì ni yóò pa á. Irú ọta tí ẹ bá kó sínú ìbọn, bí ẹran náà ṣe jìnnà sí yín tó, àti ohun tí ẹ fẹ́ fi awọ rẹ̀ ṣe, àwọn ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rò.

Ẹranko náà jọ ajá. Ó kéré sí ìkookò, ó sì tóbi ju kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn a máa wúwo láti nǹkan bíi kílò 9 sí 20, ṣùgbọ́n irun ara rẹ̀ a máa nípọn nígbà òtútù débi pé ẹni tí kò rí i rí yóò rò pé ó tó ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ irun yẹn, ibi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà kò fẹ̀ ju àwo pẹlẹbẹ tí a ń gbé ife tíì lé lọ. Ọta tó bá kùnà ibẹ̀, tó lọ bá ikùn tàbí itan, ẹran yóò gbé e sá lọ ni, ohun yòówù kí orúkọ ìbọn jẹ́.

Kí ẹ tó ná owó kankan, ẹ yẹ físà yín wò. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbà kí ẹni tó fi físà àbẹ̀wò wọlé ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, ọ̀nà àbáyọ tó sì wọ́pọ̀ fún ọdẹ ni ìwé àṣẹ ìdọdẹ tí ìpínlẹ̀ kan fún un, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ẹni tó bá ń lọ sí California ní láti mọ̀ pé láti oṣù Keje ọdún 2019, wọn kò gba ọta olójé láàyè fún ìdọdẹ níbẹ̀ mọ́. Ọta bàbà ni yóò rà. Bí ẹ bá sì ń padà bọ̀ wálé, ẹ tú gbogbo àpò aṣọ ọdẹ yín wò dáadáa, nítorí ọta kan ṣoṣo tó sá pamọ́ sínú àpò lè dá yín dúró ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ẹran wà a máa ṣòro fún àwa tí a dàgbà láàárín ilé tó fara kọ́ra. Ẹ dúró sẹ́nu góòlù kan ní pápá ìṣeré Tẹslim Balógun ní Sùúrùlérè, kí ẹ máa wo góòlù kejì. Pápá bọ́ọ̀lù tó pé ìwọ̀n a máa gùn tó nǹkan bíi mítà 105, ìyẹn yáàdì 115. Coyote tí wọ́n fi fèrè tó ń ké bí ehoro tí ń jẹ̀rora pè lè sún mọ́ ẹni ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó fura, pàápàá níbi tí igbó bá wà. Ní ilẹ̀ gbalasa apá ìwọ̀ oòrùn Texas, ó lè jókòó sí ibi tó tó irú pápá bẹ́ẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kí ó máa wò yín.

Kálíbà ni fífẹ̀ ihò inú ìbọn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó wà lára orúkọ kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Ọta tó fẹ̀ tó íǹṣì 0.224 kan náà ni .223 Remington àti .22-250 Remington ń yìn. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ilé idẹ ti .22-250 gba ẹ̀tù jù. Ọta gréènì 55 (gréènì ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn bí ọta ṣe wúwo tó), tí kò wúwo ju ṣúgà ṣíbí tíì kan lọ, a máa jáde nínú .223 ní nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 3,200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, a sì máa jáde nínú .22-250 ní nǹkan bíi 3,650. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, .223 ni mo máa ń sọ: ọta rẹ̀ kò wọ́n, kò sí ìsọ̀ ìbọn tí wọn kì í tà á, kì í sì í gbá èjìká, nítorí náà ẹ ó lè fi ṣe ìdánrawò púpọ̀. Ilẹ̀ gbalasa ni .22-250 wà fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tètè ń jẹ ọ̀pá ìbọn. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìbọn kan náà pa àgbọ̀nrín ilẹ̀ wọn, .243 Winchester ni, èyí tó ti wà láti ọdún 1955: ọta gréènì 100 fún àgbọ̀nrín, èyí tó fúyẹ́ fún coyote. .22 LR, ọta kékeré tí agbára rẹ̀ kò pọ̀, kò tó iṣẹ́ yìí rárá; .308, tó tóbi ju gbogbo wọn, sì ju iṣẹ́ náà lọ.

Ọta gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ni èmi fúnra mi ti ṣìṣe. Ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́, mo ra irú ọta tí àwọn ológun ń lò, èyí tí bàbà bò lórí dáadáa, kìkì nítorí pé páálí rẹ̀ kò wọ́n. Mo yìn ín lu coyote kan ní nǹkan bíi yáàdì 150. Mo gbọ́ ìró ọta lára rẹ̀, ó fò sókè, ó sì wọ inú ẹ̀gún lọ. Èmi àti àbúrò mi tan iná tọ́ọ̀ṣì tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, ẹ̀kán kan níhìn-ín, ẹ̀kán kan lọ́hùn-ún, nígbà tí a ó sì fi rí i, ó ṣì ń mí. Ihò tí ọta gbà wọlé àti èyí tó gbà jáde, orí ọmọ-ìka kò lè wọ èyíkéyìí nínú wọn. Irú ọta bẹ́ẹ̀ kì í ṣí. Ó kàn ń la ara kọjá ni, ó sì tún lè ta padà bí ó bá bá òkúta.

Ọta ọdẹ ní láti ṣí tàbí kí ó fọ́ nínú ẹran. Èyí tí orí rẹ̀ lu, èyí tí òjé orí rẹ̀ yọ síta, àti èyí tí wọ́n fi ike ṣóńṣó dé lórí, bíi V-Max tí Hornady ń ṣe, irú wọn ni kí ẹ wá. Bí ọta oníke yìí bá wọ ẹ̀yìn èjìká, a máa fọ́ sínú àyà, kì í sábàá jáde ní ìhà kejì, awọ ẹran yóò sì ṣe é tà. Ìṣòro tirẹ̀ wà nítòsí: bí ó bá jáde nínú .22-250, tí ó sì bá egungun èjìká ní yáàdì 40, ó lè fọ́ sórí egungun kí ó tó dé ẹ̀dọ̀fóró, kí ó ya awọ tó bí ìkúùkù, kí ẹran sì ṣì lè sá. Ẹni tí kò bá ní í ta awọ, kí ó ra èyí tó le díẹ̀, tí òjé orí rẹ̀ yọ síta, kí ó má sì ronú nípa ihò mọ́.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pá ìbọn. 1:12 túmọ̀ sí pé ọta yóò yí po lẹ́ẹ̀kan nínú íǹṣì 12; gréènì 55 ni ó bá a mu. Bí ẹ bá yin gréènì 69 nínú rẹ̀, ọta lè máa ta gìrọ́gìrọ́ lójú ọ̀nà, ihò tí yóò lu sára bébà yóò sì gùn bí ihò kọ́kọ́rọ́. 1:9 gbà á. 1:7 gba èyí tó tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá sì kọ .223 síbẹ̀, ẹ má ṣe ki ọta 5.56 ti ológun bọ̀ ọ́, nítorí agbára rẹ̀ lè ju ohun tí ibẹ̀ lè gbà lọ.

Ẹ tún awò ìbọn ṣe kí ọta máa bá ojú àmì ní yáàdì 200. Ní 100, .223 yóò ga díẹ̀, nǹkan bí íǹṣì kan àbọ̀. Ní 300, yóò ti rẹlẹ̀ tó nǹkan bí íǹṣì 7, afẹ́fẹ́ tó ń sáré máìlì 10 ní wákàtí láti ẹ̀gbẹ́ sì lè tì í tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan, èyí tó ju gbogbo àwo ife tíì wa yẹn lọ. N kì í yìnbọn ju 200 lọ bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́.

Ẹ ra páálí ọta oríṣi mẹ́ta, kí ẹ yin márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí bébà ní yáàdì 100, kí ẹ sì mú èyí tí ihò rẹ̀ kóra jọ jù, kódà bí kò bá jẹ́ òun ló wọ́n jù. Lẹ́yìn náà, ẹ padà lọ ra èyí tí yóò tó yín lò, tí nọ́ńbà ìpele tó wà lára páálí rẹ̀ (èyí tó ń fi hàn pé ìgbà kan náà ni wọ́n ṣe wọ́n) jẹ́ ọ̀kan náà, kí ẹ kọ ibi tó ń bọ́ sí ní 100, 200 àti 300 sórí bébà kékeré, kí ẹ sì fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ìbọn.