Bẹ́ ẹ ṣe máa rí mọ́tò wọ Òkè-Ògùn, kẹ́ ẹ sì rí i padà

Bolt, Uber, inDrive, àwọn app tí wọ́n fi ń pe mọ́tò lórí fóònù, gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti kọjá Mọ́níyà, tẹ́ ẹ kọrí sọ́nà Ìsẹ́yìn, Òkèhò, Ṣakí, Ìgbòho, ẹ lè tẹ app títí kò ní mú dẹ́rẹ́bà kankan wá. Kì í ṣe pé mọ́tò ò sí o, mọ́tò wà, ọ̀kadà wà, àmọ́ nọ́ńbà fóònù dẹ́rẹ́bà gan-an ni app tó wà níbẹ̀.

1. Ìpadàbọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò. Ẹ pe ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ lọ bá, ẹ bi í pé aago mélòó ni mọ́tò tó kẹ́yìn máa ń jáde, torí láàárọ̀ lèrò máa ń pọ̀, tó bá ti ń di ìrọ̀lẹ́ dẹ́rẹ́bà tó bá wọlé ti wọlé nìyẹn. Ẹ bi í léèrè ọjọ́ ọjà náà. Lọ́jọ́ ọjà, mọ́tò á máa lọ á máa bọ̀, ẹrù àgbàdo àti gàrí nìkan ló máa fún yín pa.

2. Tó bá jẹ́ Èkó lẹ ti ń bọ̀, Mọ́níyà náà ni ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021 ń já èrò sí, ní ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ìyẹn á gbà yín lọ́wọ́ gosiló. Tó bá jẹ́ inú Ìbàdàn lẹ wà, ẹ fi app dé gáréèjì kó tán síbẹ̀. Àwọn kan máa ń fẹ́ kí dẹ́rẹ́bà app gbé àwọn dé Ìsẹ́yìn tààrà, ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn yẹn sì tó kìlómítà 65, ẹ̀ẹ́ gbọ́ tó máa pè yín pé "ibo lẹ ń lọ gan-an?" kó tó cancel. Ẹ má bínú sí i, òfìfo ló máa gbé padà, app ò sì ka ìyẹn mọ́wó. Tó bá gbà, owó àlọ àtàbọ̀ ló máa bèèrè.

3. Ní gáréèjì, ẹ sọ ọ́ tààrà bóyá drọ́pù lẹ fẹ́, ìyẹn kí mọ́tò gbé ẹ̀yin nìkan, àbí ẹ̀ẹ́ bá èrò wọ̀ ọ́. Ní tèrò, èèyàn mẹ́rin ló máa há sẹ́yìn, méjì níwájú, tí ìyẹn bá ni yín lára ẹ san ti ẹni méjì. Ẹ bi èrò tó ti jókòó pé èló ni, ẹ má bi agbèrò.

4. Láti Ìsẹ́yìn wọ abúlé ni ọ̀rọ̀ wà. Ká ní Adó-Àwáyé lẹ ń lọ, ẹ fẹ́ gun òkè lọ wo adágún omi Ìyáké, báyìí ni kẹ́ ẹ ṣe bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀:

"Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ máa gbé mi lọ, ẹ máa dúró dè mí, ẹ máa gbé mi padà, èló ni gbogbo ẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ́ pẹ́ níbẹ̀?"

"Ó lè tó wákàtí mẹ́ta."

Ẹ jẹ́ kó dárúkọ owó ìdúró mọ́ ọn níbẹ̀yẹn o, tí kò bá dárúkọ ẹ̀ ẹ̀ẹ́ jọ jà nígbà tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè. Ẹ san ìdajì, kí ìyókù di ìgbà tẹ́ ẹ bá padà dé Ìsẹ́yìn, ẹni tẹ́ ẹ bá ti sanwó fún tán kò nídìí láti dúró. Tó bá fún yín ní nọ́ńbà, ẹ pè é lójú ẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ kó dún, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà mọ́tò ránṣẹ́ sílé, torí kò sí app tó ń ṣọ́ yín mọ́.

5. Ẹ mú owó dání, owó kéékèèké. Tiransifá lè há sí network, ọlọ́kadà ò sì ní ṣénjì. Ẹ má gbára lé map náà, orúkọ mọ́ṣáláṣí, ilé baálẹ̀ tàbí ilé ìwé tó wà nítòsí ni kẹ́ ẹ bèèrè.

Tí ilẹ̀ bá wá ṣú mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ sùn s'Ísẹ́yìn. Ẹni tó máa gbà láti gbé yín lóru yẹn, iye tó máa pè á ju owó hòtẹ́ẹ̀lì lọ.