Bí mo ṣe túmọ̀ orin The Cure fún ẹ̀gbọ́n mi ní Kétu

Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé Faransé rí, ibẹ̀ ni orin The Cure, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti wọ̀ wọ́n lára. Kásẹ́ẹ̀tì Disintegration ti ọdún 1989 ṣì wà lórí àpótí aṣọ wọn ní Kétu níbí, ní ilẹ̀ Benin, kò kàn sí ẹ̀rọ tí yóò gbé e mọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi tí mo lọ sílé ìwé ní Ìmẹ̀kọ, ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ni wọ́n ránṣẹ́ sí: "Àbúrò, wá sọ ohun tí ọkùnrin yìí ń wí fún mi."

Songs of a Lost World, àwo The Cure, ni wọ́n ń sọ. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2024 ló jáde, ọdún 16 lẹ́yìn àwo tó ṣáájú rẹ̀. Orin mẹ́jọ péré ni, kò tó wákàtí kan. Mo rà á, mo gbà á sórí fóònù lóru. Ìyẹn kò le.

Gbígbọ́ rẹ̀ ló le. A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo mú ìwé àti bíírò, mo so fóònù mọ́ sípíkà, mo tẹ Alone, orin àkọ́kọ́. Ìlù ń lọ, gìtá ń lọ, ẹnikẹ́ni kò kọrin. Mo wo aago: ó ti lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo fẹ́ fà á síwájú, ẹ̀gbọ́n gbá mi lọ́wọ́.

"Lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ṣé ìwọ lo máa ń ní kí Ẹ̀fẹ̀ tètè jáde kí o lè lọ sùn?"

Mo dákẹ́. Endsong tó kẹ́yìn tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì ti kọjá ìdajì kí Robert Smith, akọrin wọn, tó lanu.

Mo sáré kọjá Warsong àti Drone:Nodrone. Gìtá Reeves Gabrels pariwo jù fún mi. Ẹ̀gbọ́n ní etí mi ni kò dáa.

Orin kẹfà ló dá wa dúró. Àrá ló kọ́kọ́ sán nínú rẹ̀, ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá sáré jáde láti ìdáná, ó ń kó ẹ̀gẹ́ tó sá sóòrùn wọlé. A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n Smith tó ń jẹ́ Richard, tó ti kú, ni orin náà dá lé. I Can Never Say Goodbye. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "N kò lè sọ pé ó dàbọ̀ láé."

Ẹ̀gbọ́n fi ìka gún ìwé náà. "Ta ní ń kí òkú pé ó dàbọ̀? Ṣé ó ń bọ̀ ni?"

Mo pa á rẹ́. Mo kọ "ó dàárìnnàkò" dípò rẹ̀. Wọ́n wò ó pẹ́. Nígbà tí àgbà wa kú, Faransé ni wọ́n wà, wọn kò bá wa sin ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò tíì bá a ni?"

"Ó bá a. Ẹnu ni kò gbà á."

Ohun tí mo kọ nìyẹn: "Ó dàárìnnàkò kò gba ẹnu mi jáde." Wọ́n ní kí n tún un fi sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin la gbọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó di ọjọ́ kejì ká tó kan orin keje.