Bí mo ṣe ń fi F# ṣẹ̀dá rẹ́kọ́ọ̀dù àti union láti inú fáìlì àwọn oníkòkó

Tí ẹ bá ń fi F#, èdè ìkọ ètò kọ̀ǹpútà kan, kọ ètò, compiler (ohun tó ń yẹ kóòdù wò, tó sì ń túmọ̀ rẹ̀ kí ètò tó ṣiṣẹ́) ló máa ń bá yín ṣọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan. Ẹ kọ rẹ́kọ́ọ̀dù (irú tó kó nǹkan mélòó kan jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ) sílẹ̀, ó ti mọ irú èyí tó jẹ́, ó sì máa ké sí yín bí ẹ bá gbàgbé ohun kan nínú rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ìgbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ lásán tí a kà láti inú fáìlì ló máa sọ ohun tí a fẹ́ ṣẹ̀dá. Iṣẹ́ compiler ti parí kí fáìlì yẹn tó dé. Reflection ni a máa lò nígbà náà, ìyẹn ọ̀nà tí ètò fi ń wo àwọn irú inú rẹ̀, tó sì ń ṣẹ̀dá wọn, nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. F# sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, `FSharp.Reflection`, tó mọ rẹ́kọ́ọ̀dù, union (irú tó ní ẹ̀ka, tí nǹkan sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn) àti tuple (àkójọ nǹkan tí kò ní orúkọ) dáadáa. Inú FSharp.Core, àkójọ kóòdù tó ń bá F# wá, ló wà, ẹ ò ní láti wa ohunkóhun sórí kọ̀ǹpútà yín kún un.

Àkúrẹ́ ni mo wà, àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ni mo sì ń kọ ètò fún jù. Láti 1986 tí ìjọba ti tú Cocoa Board, àjọ ìjọba tó ń rí sí títa kòkó, ká, oníkálukú olùrà ló ń to ìwé tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Fáìlì tó bá wá láti Aládé-Ìdànrè lè fi abúlé ṣáájú, ti Ọ̀wẹnà á fi ìwọ̀n ṣáájú, ti Ilé-Olújì á ní òpó (column) kan tí àwọn yòókù kò ní. Bí mo bá ní kí n máa kọ fọ́ńṣọ̀n kíkà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ilẹ̀ á ṣú. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo fi rẹ́kọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ṣe àṣẹ: orúkọ tó bá wà nínú rẹ̀ ni ètò máa lọ wá nínú fáìlì, ibi yòówù kí òpó náà wà.

Irú méjì tí a máa lò nìyí:

```
open System
open FSharp.Reflection

type Ipele =
    | Kinni
    | Keji
    | Danu of string

type Rira =
    { Agbe : string
      Abule : string
      Apo : int
      Kilo : float
      Ipele : Ipele }
```

`Danu` ni ti kòkó tí olùrà kò gbà, ó sì gbé ìdí rẹ̀ dání, bí àpẹẹrẹ pé kò tíì gbẹ. Nínú fáìlì, ìlà kan máa ń rí báyìí:

```
Abule;Kilo;Apo;Ipele;Agbe
Alade;1000;16;Kinni;A014
Owena;310;5;Danu:tutu;A022
```

Ẹ máa rí i pé mi ò fi àmì sí orúkọ inú kóòdù. Ó nídìí. Lẹ́tà `ẹ` lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo nínú Unicode (ètò nọ́mbà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà), ó sì lè jẹ́ `e` tí wọ́n fi àmì abẹ́ rẹ̀ kún lẹ́yìn náà. Ojú wa kò lè mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n F# máa sọ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, òpó `Àgbẹ̀` tó wà níwájú yín gbangba á sì di ohun tí ètò ní òun kò rí. Tí ẹni tó ń fi fáìlì ránṣẹ́ sí yín bá ń fi àmì sí orúkọ òpó (ó dára bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, èdè wa ni), ẹ pe `.Normalize()` lórí orúkọ òpó àti orúkọ inú rẹ́kọ́ọ̀dù kí ẹ tó fi wọ́n wé ara wọn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kéré jù:

```
let iye = [| box "A014"; box "Alade"; box 16; box 1000.0; box Kinni |]
let r = FSharpValue.MakeRecord(typeof<Rira>, iye) :?> Rira
```

`MakeRecord` gba irú rẹ́kọ́ọ̀dù àti àkójọ ohun tó máa wà nínú rẹ̀. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ di `obj`, irú gbogbogbòò tó lè gba ohunkóhun, ìdí nìyẹn tí a fi ń lo `box`. Bí a ṣe to wọn nínú rẹ́kọ́ọ̀dù ni a gbọ́dọ̀ tò wọ́n níbí, orúkọ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ohun tó bá jáde, `obj` náà ni, `:?>` ló sì ń sọ ọ́ padà di `Rira`. Ẹ fi `box "16"` sí ibi tí `box 16` wà kí ẹ wò ó: compiler ò ní sọ nǹkan kan, àfi ìgbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́ ni `ArgumentException` máa yọjú. Ewu tó wà nínú gbogbo ohun tí mò ń ṣàlàyé yìí nìyẹn, ẹ má gbàgbé rẹ̀.

Nítorí náà a nílò fọ́ńṣọ̀n kan tó máa wo irú tí a ń retí, kó sì sọ ọ̀rọ̀ inú fáìlì di irú yẹn. Òun ni ọkàn iṣẹ́ náà:

```
let rec yiPada (t: Type) (oro: string) : obj =
    if t = typeof<string> then box oro
    elif t = typeof<int> then box (int (oro.Replace(",", "")))
    elif t = typeof<float> then box (float oro)
    elif FSharpType.IsUnion t then seUnion t oro
    else failwithf "Mi o mo bi a se n ka %s" t.Name

and seUnion (t: Type) (oro: string) : obj =
    let ege = oro.Split(':')
    let eyi =
        FSharpType.GetUnionCases t
        |> Array.tryFind (fun c -> c.Name = ege.[0])
    match eyi with
    | None -> failwithf "Ko si %s ninu %s" ege.[0] t.Name
    | Some c ->
        let aaye = c.GetFields()
        if aaye.Length <> ege.Length - 1 then
            failwithf "%s nilo nnkan %d" c.Name aaye.Length
        let iye =
            aaye
            |> Array.mapi (fun i p -> yiPada p.PropertyType ege.[i + 1])
        FSharpValue.MakeUnion(c, iye)
```

`Replace` tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ `int` kì í ṣe àṣejù. Àwọn tó ń kọ iye àpò fẹ́ràn láti kọ ọ́ bíi `1,250`, `int` kò sì gba kọ́mà. `float` gbà á.

Níbi union, ẹ wo bó ṣe ń lọ. `GetUnionCases` kó gbogbo ẹ̀ka `Ipele` jáde, a wá èyí tí orúkọ rẹ̀ bá ti inú fáìlì mu, `GetFields` sì sọ ohun tí ẹ̀ka yẹn gbé dání fún wa. `Kinni` kò gbé nǹkan kan dání, àkójọ òfìfo ni `MakeUnion` máa gbà. `Danu:tutu` ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, a sì tún pe `yiPada` lórí ìyẹn. Torí pé fọ́ńṣọ̀n méjèèjì ń pe ara wọn, union tó wà nínú union pàápàá kò ní dí wọn lọ́wọ́, bí ẹ bá ṣáà ti wá àmì mìíràn tí ẹ máa fi pín in. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àṣìṣe yín dárúkọ ohun tí kò sí. Ẹni tó máa kà á lè jẹ́ akọ̀wé ní ibi ìwọ̀n kòkó, tí kò mọ F# rárá. Tí ó bá rí "Ko si Kini ninu Ipele", ó máa mọ ohun tó máa tún ṣe.

Rẹ́kọ́ọ̀dù wá kù:

```
let seRekoodu<'T> () =
    let t = typeof<'T>
    let aaye = FSharpType.GetRecordFields t
    let ko = FSharpValue.PreComputeRecordConstructor t
    fun (ila: Map<string, string>) ->
        let iye =
            aaye
            |> Array.map (fun p ->
                match ila.TryFind p.Name with
                | Some oro -> yiPada p.PropertyType oro
                | None -> failwithf "Opo %s ko si ninu faili" p.Name)
        ko iye :?> 'T

let kaRira = seRekoodu<Rira> ()
```

`ila` ni ìlà kan tí ẹ ti so orúkọ òpó kọ̀ọ̀kan mọ́ ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo lo `PreComputeRecordConstructor` dípò `MakeRecord` níbí. `MakeRecord` máa ń tún gbogbo ìwádìí rẹ̀ ṣe lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Èyí ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó sì fún wa ní fọ́ńṣọ̀n tí a ó máa pè. Fáìlì gbogbo àsìkò kòkó gùn, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ pe `seRekoodu<Rira> ()` lẹ́ẹ̀kan péré lókè, kí ẹ wá máa lo `kaRira` lórí àwọn ìlà. Bí ẹ bá ń pè é nínú `List.map`, èrè yẹn ti lọ.

Òpó tó lè ṣófo ńkọ́? `option` ni kí ẹ lò. Union ni `option` náà, ẹ̀ka rẹ̀ ni `None` àti `Some`, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa kọ "Some" sínú fáìlì, nítorí náà a máa tọ́jú rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ fi èyí ṣáájú ìlà `IsUnion`:

```
    elif t.IsGenericType
         && t.GetGenericTypeDefinition() = typedefof<option<_>> then
        let eka n =
            FSharpType.GetUnionCases t
            |> Array.find (fun c -> c.Name = n)
        if oro = "" then FSharpValue.MakeUnion(eka "None", [||])
        else
            let inu = t.GetGenericArguments().[0]
            FSharpValue.MakeUnion(eka "Some", [| yiPada inu oro |])
```

Nígbà mìíràn, fáìlì fúnra rẹ̀ ló máa sọ irú tí òun jẹ́: ti ríra, ti owó sísan, ti ọkọ̀ tó kó ẹrù. `Type.GetType` lè wá irú láti inú orúkọ rẹ̀, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn fún ohun tó bá ti ìta wá. Kò yẹ kí fáìlì tí ẹlòmíràn kọ máa pàṣẹ irú tí ètò wa máa ṣẹ̀dá. Ẹ kọ `Map` kékeré kan, bíi `"rira", typeof<Rira>`, kí ẹ to gbogbo èyí tí ẹ fọwọ́ sí sínú rẹ̀. Tí orúkọ kò bá sí níbẹ̀, ẹ má gba fáìlì náà. Ẹ yọ `'T` kúrò nínú `seRekoodu`, kó gba `t` gẹ́gẹ́ bí ohun tí a fún un, kó sì dá `obj` padà, kí ẹ wá fi `match` pẹ̀lú `:? Rira as r` yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ohun kan tí àwọn tó ń kọ́ èyí máa ń fojú fò ni pé reflection mọ irú, kò mọ òótọ́. Kílò tó jẹ́ `-40.0`, `float` ni, ó máa wọlé. Bí ẹ bá ní fọ́ńṣọ̀n tó máa ń yẹ nǹkan wò kó tó ṣẹ̀dá rẹ́kọ́ọ̀dù, `MakeRecord` kò ní gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ẹ yẹ ẹ́ wò lẹ́yìn náà. Nínú òwò kòkó, àpò 16 ló ń ṣe tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn kílò 62.5 fún àpò kan, nítorí náà mo máa ń fi `Kilo` pín sí `Apo`, mo sì máa ń ya ìlà tó bá jìnnà sí i sọ́tọ̀ kí ènìyàn lọ wò ó. Ìlà tí mo kọ lókè fún Ọ̀wẹnà, kílò 310 nínú àpò 5, jẹ́ 62, ó kọjá.

Ẹnu ọ̀nà nìkan ni mo ti ń lo gbogbo èyí. Ní kété tí ìlà bá ti di `Rira`, àwọn fọ́ńṣọ̀n tó kù kò gbọ́dọ̀ rí `obj` tàbí `Type` mọ́. Compiler ni kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí òpó fáìlì yín kì í bá yí padà, ẹ ò nílò rẹ̀ rárá: `CsvProvider` inú FSharp.Data, àkójọ kóòdù mìíràn fún F#, máa wo fáìlì àpẹẹrẹ kan, ó sì máa ṣe irú rẹ̀ fún yín kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo Haskell, èdè ètò mìíràn, ní láti kọ `deriving (Data)` sí irú rẹ̀ kó tó lè lo `fromConstr` tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, torí pé níbẹ̀ irú kì í sí mọ́ nígbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́. Ti F# wà nítorí pé orí .NET ló ń gbé, ìyẹn pèpéle Microsoft tó ń tọ́jú irú nígbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ gé ètò náà kéré pẹ̀lú `PublishTrimmed`, ẹ fi fáìlì gidi dán èyí tí ẹ gé wò kí ẹ tó gbé e fún oníbàárà, nítorí pé ohun tí reflection nìkan ń lò lè bá ohun tí wọ́n gé lọ.